Ìlà Kékeré Tó Gba Àga Nídìí Àwọn Àna Alhaji

Sátidé kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Tí mo bá rántí ẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já. Ìgbà tí owó epo ń ṣàn nílùú ni, tí wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Táípíìsì ni mí níléeṣẹ́ kọngílá tó ń la títì náà, nítòsí Ìyànà Ìbà. Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, mo sì ti ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé.

Alhaji tó ni ilẹ̀ tí à ń kó kátakátá sí ń gbé ní Òkokomáíkò. Ọ̀gá wa ti fún un ní àga mẹ́fà, ṣùgbọ́n awọ wọn ti ya. Ọ̀gá wá kọ ìwé pélébé kan pé kí n tẹ̀ ẹ́ fún Bàbá Sítọ̀, tó ń tọ́jú ẹrù iléeṣẹ́: kí wọ́n lọ "re-cover" àga Alhaji. Mo rí ìlà kékeré tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà. Mo ní báírò ọ̀gá ló yọ̀. Mo bá wọn tún un ṣe, mo tẹ "recover", inú mi sì dùn sí ara mi.

Bàbá Sítọ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó kà ni pé kí òun lọ gba àga padà, ló bá kó lébìrà mẹ́rin sí lọ́rì.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn tó wá láti Ìlaròó wá tọrọ ọmọ Alhaji ló jókòó sórí àga náà. Bàbá Sítọ̀ kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde, iléeṣẹ́ fẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n dìde. Alhaji ò tíì jáde láti yàrá. Nígbà tí àga kẹfà jáde, àgbà tó ṣaájú wọn ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ tí ara bá tu onílé.

Lọ́rì ò tíì já ẹrù tí Alhaji fi wọlé sí ọ́fíìsì wa. Kò pariwo. Ó ní kí a kó kátakátá wa kúrò lórí ilẹ̀ òun.

Ọ̀gá ní kí n mú ẹ̀dà ìwé náà wá. Ìwé sìmẹ́ńtì ni mo kọ́kọ́ mú fún wọn. Wọ́n kà á tán, wọ́n fi báírò fa ìlà náà padà sáàyè rẹ̀.

"Sìsí, tó bá ní ìlà, kí a fi awọ tuntun bò ó ni. Tí kò bá ní, kí a lọ gbà á padà ni."

Mo ti gbà pé iṣẹ́ ti bọ́; lọ́kàn mi, mo ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìyá mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Alhaji, mo sì gun lọ́rì tẹ̀ lé Bàbá Sítọ̀. A bá àwọn àna ní Ìyànà Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Nínú eruku ni mo kúnlẹ̀ sí tí mo ń ṣàlàyé gírámà òyìnbó fún àgbàlagbà tí kò dé iléèwé rí.

Ó wò mí títí. "Ìlà tí kò tó èékánná ló lé wa nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kò sáyè níwájú ọkọ̀, ni wọ́n bá gun ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n jókòó lórí àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ń juwọ́ sí èrò títí dé Òkokomáíkò. Alhaji fún wọn lọ́mọ lọ́jọ́ náà, kò sì lé kátakátá wa mọ́. Ọ̀gá ò lé mi.

Láti ìgbà náà, tí mo bá rí ohun tó jọ àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíì, mo máa ń béèrè kí n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá wọn rín in, lẹ́yìn tí àyà mi bá ti balẹ̀.