Fíúsì Kì Í Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀

Ó-Kù-Díẹ̀ ni àdúgbò sọ ọ́, nítorí ìdáhùn kan náà ló ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìgbà tí bàálù kékeré tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nínú gáréèjì yóò parí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ìròyìn tó dé kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ti wà nímú bàálù náà, pé olùyẹ̀wò ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti pé ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ìdajì àdúgbò gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé, ti búra pé òun ò ní jókòó sórí ìjókòó kejì láé bí ọ̀rọ̀ wáyà inú rẹ̀ ò bá tẹ́ òun lọ́rùn.

Ní ọ̀sán Sátidé, nọ́ọ̀sì wọ gáréèjì pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn tó ní ara òun ti yá.

"Ìyá Ìbejì, o káre. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí! Wò ó." Ó na ọwọ́ méjèèjì. Fíúsì kékeré kan wà ní ọ̀tún, bíréékà dúdú tó ní orí funfun wà ní òsì. "Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Tí iná bá pọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbé, wọ́n á já, kí wáyà má bàa gbiná. Ṣùgbọ́n fíúsì, tó bá ti já, ó kú nìyẹn. Ká yọ ọ́ sọnù ló kù. Bíréékà ní tirẹ̀, orí ẹ̀ á kàn fò jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, ó jí."

"Bí àjíǹde."

"Bí àjíǹde gan-an!"

"Èwo lẹ wá fẹ́ lò?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó o sọ. Ìwọ lo máa jókòó tì mí."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Fíúsì. Òun kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"O ò tíì ronú!"

"Mo ti ń bá yín gbé látìgbà tí irun yín ṣì dúdú, ìrònú wo ló kù? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọwọ́ awakọ̀ là ń wò ká tó yan bíréékà."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?" Ó wo ọwọ́ náà, kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ àfi gíríìsì. "Ó dáa. Ká ní a wà lókè, lórí omi, à ń lọ wo ọmọ tí ọmọ wa bí. Rédíò kú. Pẹ̀lú bíréékà, mo tẹ̀ ẹ́, rédíò dé. Pẹ̀lú fíúsì ńkọ́?"

"Rédíò dákẹ́. Ṣé bàálù á wá já bọ́ ni?"

"Rárá o."

"Iná iwájú ńkọ́, tó bá kú?"

"Ọ̀sán la ó máa fò."

"Ẹ̀rọ tó ń fa epo?"

"Òmíràn wà lára ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ò lo wáyà rárá."

"Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ló ń pèsè iná ara rẹ̀! Bí gbogbo wáyà inú bàálù yìí bá kú pátá, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa dún." Ó gbé àyà sókè nígbà tó sọ èyí, kó tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé òun lọ.

"Kí lẹ wá fẹ́ máa sáré tẹ̀?"

Ó-Kù-Díẹ̀ nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Èèyàn gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fọwọ́ tẹ̀," ó wí.

"Ẹ fọwọ́ mú ọ̀pá ìtukọ̀ yín. Ní wọ́ọ̀dù wa, tí aláìsàn bá dákú, a kì í gbá a létí pé kó dìde lọ pọnmi. A ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbé e ṣubú. Ẹ̀yin ní tiyín, bíréékà dákú, ẹ ní kó dìde. Ó tún dákú, ẹ ní ọ̀lẹ ni."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Fíríìjì."

"Fíríìjì yẹn ti gbó."

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ."

"Ìyẹn fúnra rẹ̀ oníwàhálà ni."

"Aago ẹnu ọ̀nà, tó ń dún láìdákẹ́ títí àwọn aládùúgbò fi wá bá wa kẹ́dùn."

"Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ bàálù là ń sọ, o ń—"

Iná gáréèjì kú. Fáànù rọra dúró. Lára ògiri, bíréékà ilé ti já. Nọ́ọ̀sì ò tíì gbé ife sílẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi débẹ̀.

"Tá!" Iná dé. "Ṣé o rí i? Ó jí!"

Iná kú.

"Kí ló pa á?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè nínú òkùnkùn.

"Ó lè jẹ́ ohunkóhun. Nígbà mìíràn ó máa ń rẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Iná dé, iná kú.

"Ó rẹ bíréékà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i." Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò dì í mọ́lẹ̀, bí ẹni ń di ẹnu elékèé. Iná tàn, ó ń ṣẹ́jú, ó tún kú. Àtàǹpàkò ṣì wà níbẹ̀. Òórùn rọ́bà tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ káàkiri gáréèjì.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì ń tọ wáyà fáànù lẹ́sẹẹsẹ títí tó fi dé ìdí jáàkì tí Ó-Kù-Díẹ̀ fi gbé táyà bàálù sókè láàárọ̀. Jáàkì náà ti jókòó lé wáyà, ó ti gé e dé irin. Ó fa ìdí wáyà fáànù náà yọ lára ògiri.

"Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wàyí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná dé, kò sì kú mọ́.

Ó-Kù-Díẹ̀ wo jáàkì. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó rántí pé ẹlẹ́rìí òun ṣì kù.

"Ó dáa. Ta ló fi bébà onírin inú ṣokoléètì wé fíúsì tó já nílé wa àkọ́kọ́, kí iná lè máa gbà á kọjá?"

Nọ́ọ̀sì gbé ife bojú.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ lọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ti pẹ́."

"O lọ̀ ọ́. Aṣọ dúró ṣánṣán, ògiri wa ló dúdú. O ní fíúsì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Ó ń gbọ́ dáadáa, tó o bá ti mú ṣokoléètì dání!"

"Orí ilẹ̀ ni mo wà nígbà yẹn. Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀, ojú títì ni mo sá sí, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nínú eléyìí, níbo la ó sá sí?"

Àwọn méjèèjì gbójú sókè, wọ́n wo àjà gáréèjì bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

"Èmi kì í ṣẹni tí à ń kó fíúsì sí níwájú," nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ̀yin náà kì í ṣẹni tí à ń kó bíréékà sí níwájú. Ẹ kó fíúsì sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ yín ò dé, tí tèmi náà ò dé, àfi tá a bá sọ̀kalẹ̀. Ohun tó bá kú lókè, kó kú. A ó fò délé láìsí i. Tí ẹsẹ̀ wa bá kan ilẹ̀, a ó wá béèrè ohun tó pa á."

Ó-Kù-Díẹ̀ ronú títí. "Ó bọ́gbọ́n mu." Ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tó dúró sí. Ó ń họ etí.

"Kí ló tún kù?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó rọra ká aṣọ kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ihò róbótó-róbótó tò síbẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a ti fi fáìlì dán etí wọn, a sì ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ti lu ihò bíréékà."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ wá pè mí pé kí n wá yàn."

"Mo fẹ́ kó o yan èyí tí mo ti yàn."

"Ẹ kú ọgbọ́n." Ó tẹ̀ síwájú, ó ń ka ọ̀dà náà. RÉDÍÒ. INÁ IWÁJÚ. EPO. Ó dé èyí tó kẹ́yìn, ó dúró. "ÌBÀDÍ? Ìbàdí ta ni?"

"Tìẹ ni." Ó-Kù-Díẹ̀ ń nu ọwọ́ tó ti mọ́. "Òkè máa ń tutù. Mo fi wáyà kan tó ń gbóná sábẹ́ ìjókòó rẹ."

Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ́ lẹ́tà náà, ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ.

"Tìyẹn náà, fíúsì ni," ó wí.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ihò wọ̀nyí ńkọ́? Olùyẹ̀wò á ní asẹ́ ni mo kàn."

"Ẹ kó bíréékà yín sínú wọn, gbogbo wọn pátá. Wọ́n lẹ́wà. Ẹ má ṣáà so wáyà kankan mọ́ wọn."

"Wáyà kankan?"

"Ìkankan. Ẹ wá máa tẹ̀ wọ́n láti ibí títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa."

Ó-Kù-Díẹ̀ mú bíréékà kan, ó fi sí ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún tá. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu kó tó lè pa á mọ́ra.

"Tí olùyẹ̀wò bá wá béèrè lọ́jọ́ Ajé pé kí ni iṣẹ́ wọn?"

Nọ́ọ̀sì mu tíì rẹ̀ tán. "Ẹ sọ fún un pé fíúsì ló ń ṣọ́ wáyà. Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣọ́ fíúsì lọ́wọ́ yín."