Àgbá Ẹja Tí Yísà Gbé Lọ Síbi Ìgbéyàwó

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Ẹ má wo ti pé mo ní lánàá. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iná ìjọba kò tíì dé Ẹ̀pẹ́, tí àwọn tó ń jẹ́ bàbá lónìí ṣì ń fi ìka nu imú, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, àná ni.

Baálẹ̀ Ògúnsànyà ló ń gbọ́ ẹjọ́ àdúgbò wa nígbà náà. Ilé lásán ni ilé rẹ̀, àwa là ń pè é ní ààfin kí inú rẹ̀ lè dùn. Ọ̀tún rẹ̀ a máa jókòó tì í, ọkùnrin kan tí ebi kì í kúrò lára rẹ̀, ẹjọ́ yòówù kí wọ́n máa rò.

Wòsílátù ẹlẹ́ja, tí a ń pè ní Ìyá Mùlíkátù ní Ọjà Olúwo, ló pe ẹjọ́. Yísà tó ń lu agídìgbo nínú ẹgbẹ́ olórin Bísíríyù ló pè lẹ́jọ́. Àgbá irin dúdú kan wà láàárín àwọn méjèèjì, òórùn ẹja yíyan ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Wòsílátù, ro ẹjọ́ rẹ," Baálẹ̀ ní.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. N kò ní rò ó gùn, ẹja mi wà nílẹ̀. Òbòkún ni, ó ti ń wò mí lójú láti àárọ̀. Bí n kò bá gbé e sórí iná kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ ọjà, eṣinṣin ni yóò bá mi ná an. Yísà ló gbé àgbá mi. Àgbá tí mo fi ń yan ẹja láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Níjẹta, mo kí ìrun àsùbáà tán, mo kó igi dání, mo dé ìdí iṣẹ́ mi, mo bá ilẹ̀ lásán."

"Ó dá ọ lójú pé òun ló gbé e?"

"Baálẹ̀, kò mọ olè é jà. Ó gbé e lé orí, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá, ó ń kọrin."

Baálẹ̀ yíjú sí Yísà. "O gbé e, àbí o ò gbé e?"

"Mo gbé e, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tọrọ rẹ̀ kí n tó gbé e."

"Irọ́ ni," Wòsílátù ní. "Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"N kò ní mo tọrọ lọ́wọ́ yín, Ìyá Mùlíkátù. Ọwọ́ àgbá ni mo ti tọrọ rẹ̀. Mo kàn án, ó dá mi lóhùn. Baálẹ̀, ẹni tó kanlẹ̀kùn, tí wọ́n dá a lóhùn láti inú ilé, tó wá wọlé, ṣé olè ni?"

Ọ̀tún na ọrùn síwájú. "Kí ni àgbá wí?"

"Ó ní gbùùùm."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ bó ṣe wí i ni, Ọ̀tún."

Baálẹ̀ họ irùngbọ̀n. "Yísà, agídìgbo rẹ ní àpótí tirẹ̀. Kí lo wá fẹ́ fi àgbá ẹja ṣe?"

"Baálẹ̀, bí òwe bí òwe ni à ń lu agí—"

"Àgbá là ń bi ọ́. Fi òwe sílẹ̀."

"Ó dáa. Bísíríyù ọ̀gá mi ló lọ sí Èkó, ó lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé e, ẹnu rẹ̀ sì ṣí gbàgà bí ẹnu ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja. Bó bá kọrin sínú máìkì rẹ̀, wọn a gbọ́ ọ dé ilé àwọn tí kò pè wá. Èmi tí mo jókòó tì í, tí mò ń lu agídìgbo, èmi fúnra mi ò gbọ́ ara mi mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n súnmọ́ máìkì náà díẹ̀, ó ní máìkì kì í ṣe àwo ọbẹ̀ tí èèyàn méjì ń jọ tọwọ́ bọ̀. Ó wá ní, bí àwọn ará Ìgbògbò ò bá gbọ́ ohùn agídìgbo mi níbi ìgbéyàwó ọmọ Sàlísù, òun á lé mi, òun á lọ mú ẹni tó ń ta gìtá ńlá, èyí tí wọ́n máa ń gbé dúró bí òpó. Baálẹ̀, agídìgbo ni mo fi ń bọ́ ìyá mi. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn."

"Ló bá kọ́ iṣẹ́ olè kún un," Wòsílátù ní.

"Mo wá ohun tó máa gbé ohùn mi sókè ni. Kò sí ohun tó ní ikùn ní Ẹ̀pẹ́ tí n kò kàn. Mo gbé agídìgbo lé agolo kẹrosíìnì, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo gbé e lé ìkòkò omi, ẹkún ló ń sun ṣáá bí opó. Mo gbé e lé àgbá epo pupa, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí èbà kún ẹnu rẹ̀."

"Pẹ̀lú ọbẹ̀ wo?" Ọ̀tún bi í.

"Ọ̀tún," Baálẹ̀ ní.

"Mo kàn bèèrè ni."

"Mo dé ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà," Yísà ń bá a lọ, "mo gbé agídìgbo lé orí pósí. Baálẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, pósí dùn. Ohùn náà wọ ilẹ̀ lọ, ó pẹ́ kó tó padà."

"Kí ló dé tí o kò mú pósí?"

"Ìyá ọkọ ìyàwó ò ní jẹ́ ká gbé e wọlé."

Ojú rẹ̀ wá tàn, ó fọwọ́ pa àgbá lára bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Èyí ni mo kàn kẹ́yìn. Èéfín àti ọ̀rá ẹja tó ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú ni kì í jẹ́ kó pariwo bí agolo. Mo fi pákó dé e lẹ́nu, mo gbé agídìgbo lé pákó. Ihò ìsàlẹ̀ yìí tí igi ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde. Ìdí èèyàn ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́."

"Ṣé àwọn ará Ìgbògbò wá gbọ́ ọ?"

"Baálẹ̀, wọ́n fi Bísíríyù sílẹ̀ tòun ti máìkì rẹ̀. Gbogbo àlejò dìde, wọ́n wá tò síwájú mi lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn àáfà pàápàá. Wọn ò yẹ́ mi sí tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

Wọ́n ní kí Bísíríyù wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ níta fún ewúrẹ́. Ó dé fìlà kan tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò ní gbèsè.

"Bísíríyù, ṣé wọ́n gbọ́ agídìgbo Yísà níbi ìgbéyàwó náà?"

"Rárá o, Baálẹ̀. Ẹ̀rọ mi nìkan ló ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ àgbá ẹja."

"Kò sí rárá?"

"Kò sí. Inú mi ò tilẹ̀ dùn sí i lọ́jọ́ náà, torí ó ń mi ilẹ̀ tí mo dúró lé, fìlà mi ò sì dúró lórí."

"Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ló ń ṣí ọ ní fìlà?"

"Baálẹ̀, mo ní wọn ò gbọ́ ọ. N kò ní kò dún."

"Wọ́n ní ìjókòó ṣófo níwájú rẹ."

"Ṣe ni wọ́n jìnnà kí wọ́n lè gbádùn mi. Ẹ̀rọ yìí, èèyàn kì í dúró tì í. Bó bá ṣe jìnnà tó ló ṣe ń dùn tó."

"Òótọ́ nìyẹn," Ọ̀tún ní. "Bó o bá ń kọrin ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú ló máa ń wù mí kí n wà."

Ẹ̀rín sọ ní ààfin. Wòsílátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "òbòkún wà nílẹ̀."

Sàlísù, bàbá ìyàwó, ti wọ ọkọ̀ wá láti Ìgbògbò. Ó jókòó sí igun kan láti ìgbà yìí wá, ó ká ọwọ́ gbera. Baálẹ̀ pè é.

"Sàlísù, ta ló sòótọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sí, Baálẹ̀. Ti Bísíríyù, ọ̀rọ̀ òfo ni. Bàbá mi tí etí rẹ̀ ti di pátápátá jókòó nínú yàrá, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní ta ló ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ àgbá. Ìwọ Yísà ọmọ mi, o ní àwọn àlejò wá tò síwájú rẹ. Ṣé o rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn?"

"Mo rí i. Àwo ni."

"Kí lo rò pé wọ́n fẹ́ fi àwo ṣe?"

"Mo rò pé orin wọ̀ wọ́n lára débi tí wọ́n gbàgbé láti gbé e sílẹ̀ ni."

"Ẹja ni wọ́n ń dúró dè," Sàlísù ní. "Baálẹ̀, mo pa ewúrẹ́, mo se ìrẹsì. Oòrùn mú àgbá yìí, Yísà bẹ̀rẹ̀ sí lù ú, gbogbo ẹja tó ti kọjá nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé bá jí. Orin ń gba ihò jáde, òórùn ń tẹ̀lé e. Ológbò gbogbo àdúgbò wá jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ síwájú ihò náà bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Àwọn àlejò mi ti àwo ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ẹja ni. Mo ní kò sí ẹja. Wọ́n ní, kí ló wà nínú àgbá? Mo ní orin ni. Àna mi wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, 'Sàlísù, ọjọ́ tí a fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ náà lo ti ń fi ẹja pamọ́ fún wa?' Títí di òní, Afẹjapamọ́ ni wọ́n ń pè mí ní Ìgbògbò."

Yísà tẹjú mọ́ ihò àgbá. Ẹni tó ti ń yangàn láti àárọ̀ wá dà bí aṣọ tí òjò pa.

"Bàbá," ó ní, "ṣé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó wá nítorí ohùn?"

Sàlísù rò ó. "Kúbúrátù wá," ó ní. "Ìyàwó fúnra rẹ̀. Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì bèèrè ẹja. Ó kàn ń jó ni. A ò mọ bí a ṣe máa mú un jókòó."

Baálẹ̀ ní, "Gbé agídìgbo rẹ lé àgbá yìí, kí àwa náà gbọ́."

"Baálẹ̀, ẹja mi," Wòsílátù ní.

"Díẹ̀ náà ni."

Yísà fi pákó dé e, ó gbé agídìgbo lé e, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Kò le lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, ẹní tí mo jókòó lé ń gbọ̀n, eruku ń jábọ́ láti orí àjà, ikùn Ọ̀tún dá àgbá lóhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Bísíríyù ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú, ó ń fi èkejì di fìlà. Baálẹ̀ ń mi orí bí ẹni pé ẹjọ́ ló ń rò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ta ilẹ̀ lábẹ́ agbádá.

"Ẹ ní kó dúró," Wòsílátù ń wí, "ẹja mi ń bàjẹ́, ẹ ní kó dúró," èjìká rẹ̀ ọ̀tún ń gòkè, tòsì ń sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá Mùlíkátù, ẹ ń jó," Yísà ní.

"N kò jó. Àgbá mi ló ń pè mí. Ṣé bí wọ́n bá pe èèyàn, kò ní jẹ́ ni?"

"Ó tó," Baálẹ̀ ní. Yísà gbé ọwọ́ kúrò. "Wòsílátù, ìwọ náà ti jẹ́rìí pé àgbá yìí máa ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ? Ìwọ ni. Èéfín rẹ ni, ọ̀rá ẹja rẹ ni. Ìwọ lo bí ohùn yẹn. Yísà, kì í ṣe àgbá lo gbé, ọmọ lo gbé. Kó padà sílé lónìí, kí òbòkún tó jẹrà."

Wòsílátù kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Yísà fi ọwọ́ lérí.

"N kò tíì parí o. Yísà, àgbá epo tí èbà kún ẹnu rẹ̀, lọ wá a, kí o fọ̀ ọ́, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wòsílátù. Ẹja rẹ̀ ni kí o máa bá a yan nínú rẹ̀, lójoojúmọ́, títí àgbá náà yóò fi mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n sọ, ó di tìrẹ. Máa gbé e kiri gbogbo ayé."

"Bísíríyù á ti lé mi kó tó dìgbà yẹn, Baálẹ̀."

"Bísíríyù ò ní ráyè lé ẹnikẹ́ni. Ó parọ́ níwájú mi. Ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ ọjà, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Ọjà Olúwo, kó máa fi polówó ẹja Wòsílátù títí ọjà yóò fi tú. Bí ẹja bá ṣẹ́kù, kó padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí àgbá Yísà bá sọ̀rọ̀ ni òun náà bọ́."

"Baálẹ̀, bátìrì mi á kú," Bísíríyù ní.

"Ẹnu rẹ ò ní kú."

Sàlísù dìde. "Èmi ńkọ́, Baálẹ̀? Orúkọ mi ti bàjẹ́."

"Ìwọ, ra ẹja lọ́wọ́ Wòsílátù, kó o gbé e lọ fún àwọn àna rẹ. Sọ fún wọn pé lóòótọ́ lo fi í pamọ́, àti pé o ti ronúpìwàdà. Àna a máa dárí ji ahun. Kì í dárí ji ẹni tó ní òun ò ní."

"Àti àwa ìgbìmọ̀?" Ọ̀tún bèèrè. "Gbogbo òórùn tí a gbọ́ láti àárọ̀ yìí."

"Ọ̀tún, jókòó."

Yísà ṣì dúró sójú kan, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Baálẹ̀, ta ni yóò sọ pé àgbá mi ti mọ ọ̀rọ̀ sọ?"

"Wòsílátù ni."

"Ṣùgbọ́n Ìyá Mùlíkátù ò mọ orin."

"Ó mọ ẹja," Baálẹ̀ ní, ó sì dìde.

Kí Yísà tó rí ohun mìíràn wí, Wòsílátù ti gbé àgbá lé e lórí. Ó ń tì í lẹ́yìn lọ sójú ọ̀nà, ó ní kó yára, òbòkún ò mọ̀ pé ààfin ni àwọn lọ.