Akọ̀wé Tó Fi Ìka Kan Ka Ọgọ́fà Ọ̀rọ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa àwọn ìjòyè. Obìnrin tó gbé e wá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, opó ni, ó sì mú ọwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ti kán dání. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Mo-ti-kà-á.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ẹgbẹ́ wa ní gbàgede kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò bá tíì kà, àmì pupa á wà lára rẹ̀. Tó bá ti kà á, àmì á lọ, ẹni tó kọ ọ́ á sì rí i pé wọ́n ti kà á. Akọ̀wé ló pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ fẹnu rojọ́ fún òun mọ́, orí gbàgede ni ká kọ ọ́ sí."

"Kí lo wá kọ?"

"Mo kọ ọ́ pé ikán ti jẹ igi àjà tó wà lókè ẹ̀rọ mi, kí wọ́n ṣí yàrá kejì fún mi. Ọwọ́ akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ó ti kà á. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àjà já lé ẹ̀rọ mi lórí. Òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, Kábíyèsí."

Kábíyèsí yíjú sí akọ̀wé. "O kà á àbí o ò kà á?"

"Kábíyèsí, mo pa àmì rẹ̀ rẹ́."

"Mi ò bi ọ́ nípa àmì."

"Kí adé pẹ́ lórí. Onímọ̀ọ́tótó ni mí. Bí mo bá jí tí mo rí àmì pupa ọgọ́fà, bíi kúrúnà ló máa ń rí lójú mi. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀, 'Mo ti ka gbogbo rẹ̀' ni wọ́n kọ sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣé ẹni tó gbálẹ̀ ló wá jẹ̀bi ni?"

"O gbálẹ̀ lóòótọ́," ni ìjòyè kan wí, "o gbá ẹ̀rọ oníẹ̀rọ mọ́ ọn."

Akọ̀wé ní òun tiẹ̀ ní ẹlẹ́rìí pé òun kà á. Ẹni tó ń ta òwú ló kọ́kọ́ jáde.

"Ìṣojú mi ló ti kà á, èmi náà sì kà á. Obìnrin yìí kọ ọ́ pé àlùmọ́gàjí òun sọnù."

"Ikán ńkọ́?"

"Ikán ló gbé e, Kábíyèsí."

"Irọ́ ni!" ni ẹlẹ́rìí kejì, tó ń lọ aṣọ fún wọn, ké. "Ó bímọ ni. Mo tiẹ̀ kọ 'Ẹ kú ewu ọmọ' sábẹ́ rẹ̀."

"Ó kọ ọ́ lóòótọ́," ni opó náà wí. "Ọdún keje rèé tí ọkọ mi ti kú."

Kábíyèsí fajú ro. "Olè sàn jù yín lọ. Olè á kọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ gbé."

Ó ní kí akọ̀wé ààfin kọ ìdájọ́ sórí gbàgede náà, kí wọ́n kà á níbẹ̀. Fóònù dún lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kí ìró rẹ̀ tó rọlẹ̀, Mo-ti-kà-á ti dìde.

"Mo ti kà á, Kábíyèsí! Mo fara mọ́ ọn látòkèdélẹ̀."

Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ní àwọn náà ti kà á.

Opó náà ṣì ń kà. Ó ti dàgbà kó tó kọ́ ìwé. Ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ sì ń mì. Gbogbo ààfin dúró dè é. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ di etí ara rẹ̀ mú.

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé etí ń dùn yín ni?"

"Kà á sókè fún un," ni Kábíyèsí sọ fún opó náà.

Ó kà á: "'Kí akọ̀wé gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ fún opó yìí lónìí. Kí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ tún àjà ṣe. Kí wọ́n fi ọ̀dà pupa ṣe àmì sí iwájú orí akọ̀wé, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà opó náà, kó máa ka gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ti kọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kó kà á sókè ketekete. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu àmì náà kó tó kà á tán. Ẹni tó bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, kó di etí mú. Bí akọ̀wé bá dì í mú, ẹ má fi ọ̀dà kàn án.'"

Wàrà ni akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí mú.

"Ó ti bọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ìwọ lo ní o fara mọ́ ọn látòkèdélẹ̀. Ẹ gbé ọ̀dà wá."

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo-ti-kà-á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àmì pupa fẹ̀ bí ìdérí ìgò níwájú orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó dé ọ̀rọ̀ kẹrìndínlógún, ó sì fẹ́ rọra fo ìlà méjì.

"Padà sẹ́yìn," ni opó náà wí, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán.