Ilé Ọmọláńgidi tí Òbúkọ Gbé Sá Lọ

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò jẹ́ tán lọ́kàn mi títí dòní. Ọjọ́ náà ni òbúkọ gbé ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ sá lọ, tí ìdajì Lálúpọn sì rí i. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Tíṣà ni mí nílùú náà nígbà yẹn. Òmìnira ò tíì pẹ́ tó dé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní kí ọmọ náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó lọ sílé ìwé níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tíṣà tó bá jókòó sábẹ́ bàbá rẹ̀ kò ní í mọ̀wé, kò sì ní í mọ ilé gbá. Ta ni yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn? A dá ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti gbọ́, kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní ọmọláńgidi onígi tí ìyá àgbà rẹ̀ fún un kò níbi tí yóò máa gbé ní Ìbàdàn, òun ò sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lẹnu mi ti yá ju ọwọ́ mi lọ. Mo ní, "Má sunkún mọ́. N ó kọ́lé fún un. Ìwọ àti ilé náà lẹ jọ máa wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni, Bàbá mi?" Mo ní òótọ́ ni. Ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé ẹnu lásán ni mo ń fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílùú òyìnbó ti fi páálí kan ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Wọ́n ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọmọláńgidi sí ara páálí. Inú rẹ̀ ni àwọn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà, tí wọ́n ti rẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí lára, pẹ̀lú bébà tó ń sọ bí a ó ṣe lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe Bàbá Múfú?" Bàbá Múfú ni káfíńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé èmi tí mo ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Bàbá Múfú tí ò lè ka lẹ́tà kan!" Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ń kọ́ wọn, kí n má purọ́, ìgbálẹ̀ àti abẹ̀bẹ̀ ni.

Nígbà tí mo ṣí agolo gọ́ọ̀mù tó wà nínú páálí, ó ti le bí òkúta. N ò kà á sí wàhálà. Ìlú ẹ̀gẹ́ la wà, sítáàṣì ò lè wọ́n wa. Mo sè é, ó nípọn, ó ń fà. Òun la fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé nílé ìwé, mo sì rò pé ohun tó di ìwé mú kò ní í kọ̀ láti di ilé mú. Mo fi í pa pákó bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ilé dìde, ṣùgbọ́n ògiri mẹ́ta péré ló ní. Mo ka pákó, mo tún un kà, mo gbọn páálí. Kò sí ògiri iwájú! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó di páálí náà. Ta ló ń kọ́lé láìní iwájú? Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò ní Lálúpọn, wọ́n á ní kò lè parí ilé rẹ̀ ni. Mo bá tú ìdérí àpótí ọṣẹ ìyàwó mi, mo gé e, mo gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kékeré sí i, mo sì fi ìṣó tí wọ́n fi ń kan ilé gidi kàn án mọ́ iwájú. Ìṣó kan yọ orí jáde sínú yàrá òkè. Mo ní ọmọláńgidi á rí ibi fi aṣọ kọ́.

Mo pe Àbẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó wo ilé náà yíká. Ó ti ọmọláńgidi rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, orí ò wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ ṣáájú, ìdí ò wọlé. Ó wá ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá mi. Ó dáa. Ìta náà ni á máa sùn." Ó dìde, ó lọ. Kò jẹun ọ̀sán. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Èmi rò pé ẹnu ọ̀nà ló kéré. Ní ọ̀sán Jímọ̀, mo gbé ilé náà sójú oòrùn kí sítáàṣì gbẹ, mo sì wọlé lọ mú ayùn kí n fi fẹ ọ̀nà náà. Mo gbàgbé pé kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn. Kí n tó jáde, òbúkọ Ìyá Rábì, aládùúgbò wa, ti lá ẹ̀gbẹ́ ilé mọ́ tónítóní, ó ti fi ìwo já ògiri àpótí ọṣẹ dànù, ó sì ti ki orí bọ yàrá ìsàlẹ̀. Mo pariwo. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ yọ orí, ìwo rẹ̀ há sójú fèrèsé. Ló bá gbé ilé, ó di eré.

Àkókò yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀. Wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń sáré bọ̀, wọ́n sì rí tíṣà tó ń lé e tòun ti ayùn lọ́wọ́, tí sítáàṣì kún ara ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnì kan ké, "Tíṣà, ilé yín ń lọ o!" Òmíràn ní, "Ẹ sọ fáwọn ayálégbé kí wọ́n tètè bọ́ sílẹ̀!" Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Bàbá Múfú ló mú òbúkọ náà, nínú agbádá Jímọ̀ funfun. Wọ́n rọra yọ ìwo rẹ̀ lójú fèrèsé. Ilé ti túká. Mo ń mí hẹlẹ, mo ní, "Bàbá, ọ̀la lọmọ ń lọ."

Bàbá Múfú ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bá mi kó àwọn pákó náà délé. Wọ́n wo àwòrán ara páálí, wọ́n wo Àbẹ̀kẹ́ tó gbé ọmọláńgidi rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọláńgidi yìí lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ni?"

Mo ní rárá.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ ni yóò máa gbé e wọlé. Ibi tí ọwọ́ ọmọ máa gbà ni wọ́n ṣí sílẹ̀ níwájú yìí."

Mo sáré mú bébà. Ó wà lójú ìwé kejì, gbangba: ẹ fi iwájú ilé sílẹ̀ láìdí. Èmi alákọ̀wé ni n ò kà débẹ̀.

Bàbá Múfú bọ́ agbádá, wọ́n ké sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, "Ó tó, ẹ wá. Ọ̀wẹ̀ ilé Àbẹ̀kẹ́ dé o!" Bí a ti ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ẹni tó bá ń kọjá á bá wọn dá sí i. Wọ́n gbé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ màlúù sè kaná, wọ́n sì fi pákó àfàrà dípò èyí tó fọ́. Ìyá Rábì, tó ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà tó dé, ló fọ sítáàṣì kúrò. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síta, torí ọ̀wẹ̀ tí kò lóúnjẹ kì í dùn. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n máa ka lẹ́tà ara pákó sókè. Mo sì ń kà á bí ọmọ kíláàsì kìíní. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ti dúró. Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ sí yàrá òkè, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Múfú. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Ilé ọmọ wa ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, Àbẹ̀kẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà, ilé lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, ìyàwó mi ló ń bẹ̀ mí.

Abéèrè kì í ṣìnà. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fáwọn ọmọ láìmọye ìgbà, n ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Múfú àti gbogbo ẹni tó bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ ọjọ́ náà. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òbúkọ yẹn, kí n sọ tòótọ́. Bí kì í bá ṣe òun ni, ilé tí ọwọ́ ọmọ mi ò lè wọ̀ ni ǹ bá gbé lé e lórí itan, ọmọ náà ì bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kó tó sunkún dé Ìbàdàn. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ti ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí.