Bí Adégbìtẹ́ Àlàó Ṣe Rí Orí Kan Ṣoṣo Fá

Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin lọ́kùnrin! Adégbìtẹ́ Àlàó, ọmọ Aṣílẹ̀kùn-báńkì-fólówó-kóun-má-wọlé, ọmọ-ọmọ Aru-kòkó-oníkòkó-dé-Ìbàdàn, ẹni tí baba rẹ̀ ń jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," tí baba baba rẹ̀ ń jẹ́ "Mo ń bọ̀, sà," àmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan, tó gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, tó ní láti òní lọ, "Ọ̀gá" ni kí wọ́n máa pe òun! Nínú gbogbo ìran wọn ní Ìdí-Ìyeyè, òun lẹni àkọ́kọ́ tí kò ní ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ pa ẹnu yín dé, ọ̀rọ̀ akọni là ń sọ.

Rédíò ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù ní kí kálukú dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, pé bí ọ̀gá bá ti pọ̀ nílùú, ọrọ̀ ajé á búrẹ́kẹ́. Ibi iṣẹ́ búrẹ́dì Àlájì Sàláwù ni Adégbìtẹ́ àti àwọn tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun ti gbọ́ ọ. Àfi gìrì! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ lé Àlájì lọ́wọ́, Adégbìtẹ́ sì nàka sí i pé, "Àlájì, ẹ ò ní rí mi níbí mọ́ láyé!" Níwọ̀n bí kò ti sí iṣẹ́ tó yá dá sílẹ̀ bí èyí tí kò gbà ju kílípà ìgẹrun kan, dígí kan àti àga kan ṣoṣo lọ, gbogbo wọn di onígbàjámọ̀. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ wá pọ̀ ní Ìdí-Ìyeyè ju orí lọ.

Ẹni tí ì bá wá fárí ti di onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀. Èèwọ̀ kan sì tún wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe: onígbàjámọ̀ kan kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ mìíràn, nítorí ẹni tó bá tẹrí ba fún kílípà ẹlòmíràn ti di ọmọ iṣẹ́ onítọ̀hún. Ọ̀gá tẹrí ba fọ́gàá kẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni irun àwọn ọ̀gá ń hù, tó ń ta kókó, tó ń di igbó. Ti Rìdwánù, abánidíje Adégbìtẹ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, pọ̀ débi pé fìlà kò kan orí rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Moradéun, ìyàwó akọni, fọwọ́ lé ìbàdí lẹ́nu ìsọ̀.

"Bàbá Adéọlá, ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún yín nígbà tí orí tiyín rí báyìí? Ẹ gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó sórí àga yẹn kí Ladánì tó pe ìrun Alásárì, èmi fúnra mi ni màá mú yín lọ́wọ́ lọ bá Àlájì, ẹ ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé."

Háà! Ẹni tó nàka sí Àlájì, kó wá dọ̀bálẹ̀ fún un! Ojú ti ń ti akọni kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Nígbà náà ni kìnnìún gbéra. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé dígí kan síwájú, ó gbé òmíràn sẹ́yìn, ó di kílípà mú bí Balógun ti í di idà mú, ó gbógun ti orí ara rẹ̀. Dígí ní ọ̀tún, ọwọ́ lọ sósì. Dígí ní òsì, ọwọ́ lọ síbi tí kò sẹ́ni tó rán an. Kílípà han gooro, irun fò, adìẹ ẹ̀yìnkùlé sá. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí eruku ogun rọlẹ̀, ọ̀nà tààrà kan ló là láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ó fẹ̀ tó ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń tọ̀ lọ sódò, igbó sì dúró digbí lọ́tùn-ún lósì. Adégbìtẹ́ wo ara rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Oòrùn ti ń yẹ̀. Ó de fìlà, ó sọdá títì. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo ẹni tó jagun ló lè sọdá títì yẹn! Gbogbo ọ̀gá àdúgbò ló yọjú lẹ́nu ìsọ̀ wọn.

"Rìdwánù," ó ní, ó sì ṣí fìlà. "Rẹ́rìn-ín tó bá wù ọ́. Mo ṣe é, mo ṣe é tì. Jọ̀ọ́, gbà mí."

Rìdwánù ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà rọra ṣí fìlà tirẹ̀. Ọ̀nà ewúrẹ́ ni, láti iwájú dé ìpàkọ́!

"Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni," ó ní pẹ̀lẹ́. "Mi ò rẹ́ni sọ fún."

Ó ku ẹni tí yóò kọ́kọ́ jókòó. Adégbìtẹ́ gbé ìgbéraga rẹ̀ mì bí ẹní gbé àgbo mì, ó jókòó sórí àga ọ̀tá, ó tẹrí ba. Nígbà tó fi máa dìde, orí rẹ̀ ń dán bí ìdí àwo. Ladánì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fù, fù. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sáré sọdá sí ìsọ̀ Adégbìtẹ́, ìdí Rìdwánù sì balẹ̀ sórí àga bí Ladánì ṣe ń la ẹnu.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀! Àlàó fá a, ó fá a mọ́lẹ̀, ó fá a dé gbòǹgbò etí. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún ẹnì kejì, ọrọ̀ ajé ìlú sì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Moradéun kò sọ̀rọ̀ owó, orí ló bèèrè.

"Orí ti jókòó," ó ní. "Ẹ ti borí mi."

"Gbé búrẹ́dì wá!" ni akọni bú ramúramù. "Ká jẹun ìṣẹ́gun!"

"Búrẹ́dì wo? Ta ló kù nílé iṣẹ́ Àlájì tó ń ṣe é? Ẹ̀yin ọ̀gá! Gbogbo wa kò kúkú lè sùn ká kọrí síbì kan náà," ni Moradéun dáhùn.

Àwọn ọ̀gá tó kóra jọ sẹ́nu ìsọ̀ wo ara wọn. Ikùn ẹnì kan kùn. Adégbìtẹ́ fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán.

"Moradéun, ṣé Àlájì á ti kírun tán báyìí?"

Nítorí náà, ẹ lu agogo, ẹ kéde dé ìpẹ̀kun ìlú: Àlàó ti ṣẹ́gun! Ẹ wò ó bó ti ń lọ bá Àlájì, ọmọ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọmọ-ọmọ "Mo ń bọ̀, sà," ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran rẹ̀ tí yóò fi orí dídán dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, tí kò sì sẹ́ni tó mú un lọ́wọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ara rẹ̀!