Lẹ́ńsì Àtijọ́ àti Àdúrà Ìyá Ìyàwó Mi

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí mo lò ní Johannesburg, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé kan wà tó kọ̀ láti kúrò lọ́kàn mi. Nǹkan bí ọdún 2015 ni, nínú fúláàtì wa ní Bruma. Ọjọ́ náà ni ìyá ìyàwó mi ń padà sí Ìlá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Ọjọ́ náà náà ni mo pinnu láti fi hàn wọ́n pé ọ̀gá ayàwòrán ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọlọ́gbọ́n tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Akáúńtáǹtì ni mí, iṣẹ́ mi ò kan àwòrán rárá. Mo ra kámẹ́rà ìgbàlódé kékeré kan, ó sì bá lẹ́ńsì tirẹ̀ wá, èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ kọjú ẹ̀ sí èèyàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì, àwòrán á mọ́ kedere, ó parí. Ìyẹn ò lè tẹ́ irú èmi lọ́rùn. Mo ti wo fídíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí mo fi gbà pé ayàwòrán gidi, lẹ́ńsì àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló ń lò. Ni mo bá lọ ra ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ń ta ẹrù àlòkù, irin wúwo tó dàgbà jù mí lọ. Mo tún ra adápítọ̀, ìyẹn irin róbótó tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo wá dá lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá padà sínú páálí, nítorí ti àwọn ọ̀lẹ nìyẹn.

Bàbá ìyàwó mi wà ní Ìlá. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá kan, wọn ò lè wọ bàálù, Ṣèyí, ọmọ tuntun wa, sì ni ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá: fọ́tò ìyàwó wọn tó gbé ọmọ náà dání. Wọn ò fẹ́ ti inú fóònù, ojú wọn kì í rí i dáadáa. Ti bébà ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè gbé e kọ́ síbi tí wọ́n ti lè máa wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dúró de ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ máa dára, títí ó fi ku wákàtí kan kí Màmá lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Mo ní kí Màmá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n gbé Ṣèyí lé ẹsẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà kọ ọ́ sí mi lójú pé kò sí lẹ́ńsì lára òun. Irin tó wúwo bí ọmọ odó lẹ́nu rẹ̀ yẹn, kò rí i. Àfi kí n wọ inú ètò rẹ̀ lọ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó máa yà á bẹ́ẹ̀. Mo wá ibẹ̀ títí Ṣèyí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Daddy Ṣèyí, lo lẹ́ńsì tó bá a wá, please,” ni ìyàwó mi wí.

“Ìwọ ṣáà máa wòran,” ni mo dá a lóhùn. Ó sì ń wòran lóòótọ́.

Nígbà tí mo rí ibẹ̀, iṣẹ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣí ojú lẹ́ńsì náà sílẹ̀ pátápátá, nítorí fídíò ní ibẹ̀ ni adùn wà. Ohun tí fídíò ò tẹnu mọ́ ni pé ibi tó máa mọ́ kedere nígbà náà kì í ju ìbú ìka mélòó kan lọ. Ẹ sún pẹ́nrẹ́n, ojú èèyàn á di èéfín. Mo ń yí òrùka lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀, àwọn ìlà pupa tó ń fi ibi tó mọ́ hàn ń rìn lára Màmá láti orí gèlè wá sí iwájú orí. Wọ́n dé ojú. Mo mí sínú.

“Olúwa á dá ọ lọ́lá, Bàbá Ṣèyí,” ni Màmá bẹ̀rẹ̀. “Bí o ṣe tọ́jú mi, àwọn ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ.”

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọlúàbí wo ni ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣàdúrà fún tí yóò dúró ṣánṣán, tí yóò di ojú kan? Mo tẹríba, mo fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo ní, “Àmín, mà.” Nígbà tí mo fi dìde, èéfín. Mo tún yí i, mo tún dé ojú. Màmá ti rí i pé mo fi tọkàntọkàn gba ti àkọ́kọ́, wọ́n bá fi òmíràn lé e. Mo tún tẹríba. Bí mo ṣe ń tẹríba ni àdúrà ń gùn sí i. Orí mi, iṣẹ́ mi, ìwé ìgbélùú mi, wọn ò fo ọ̀kankan.

Níbi àmín kẹfà tàbí keje ni mo yí ohun tí kò yẹ kí n yí. Dípò òrùka lẹ́ńsì, adápítọ̀ ni mo dì mú. Lẹ́ńsì já bọ́, ó yí gbirigbiri lórí rọ́ọ̀gì, ó wọ abẹ́ àga tí Màmá jókòó lé. Mo sùn délẹ̀ gbalaja, mo na ọwọ́ sábẹ́ àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó mi.

Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò mí nílẹ̀.

“Ó mà ṣeun o, ọmọ mi,” ni Màmá wí, omijé ti wà lóhùn wọn. “O ò ní dọ̀bálẹ̀ lásán.”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àdúrà tí wọ́n wá ṣe yìí, ó dá mi lójú pé wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ bọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ta ni yóò gbórí sókè sọ fún wọn pé lẹ́ńsì lòun ń wá? Ọwọ́ mi ti bà á, mo dì í mú, mo ń ṣe “àmín” sínú rọ́ọ̀gì. Ìyàwó mi ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa ń tẹ hóònù nísàlẹ̀, ó sì pe ìyàwó mi lórí fóònù: “Eish, my sister, are we going today?”

Mo so lẹ́ńsì padà, mo ya mẹ́jọ wàràwàrà. Lójú kámẹ́rà kékeré yẹn, gbogbo rẹ̀ dára. Màmá wọ bàálù, wọ́n lọ.

Nígbà tí a ti pápákọ̀ dé, mo ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà. Méje jẹ́ èéfín pọ́ńbélé. Nínú ìkẹjọ, ohun kan mọ́ kedere: ọwọ́ Màmá tó gbé orí ọmọ dání. Ẹ lè ka iṣan ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ fúnra rẹ̀ dà bí òwú, Màmá sì di ìkùukùu tó wé gèlè. Ẹni tó gbọ́n ì bá jẹ́wọ́. Èmi ní iṣẹ́ ọnà ni. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Joubert Park, mo fi férémù sí i, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé.

Bàbá pè mí lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ wọn.

“Mo dá ọwọ́ ìyàwó mi mọ̀,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Ó dára gan-an. Kí ló gbé dání?”

“Ṣèyí ni, sà.”

“Ó dáa. Ojú mi ni kò ríran mọ́. Olúwa á là á.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Bàbá arúgbó ń di ẹ̀bi ìgbéraga mi ru ojú ara wọn. Mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, títí kan ti abẹ́ àga. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi lẹ́ńsì àwọn ọ̀lẹ ya Ṣèyí láàárín ìṣẹ́jú kan, ó mọ́ kedere, mo sì fi ránṣẹ́ sí Bàbá, ṣùgbọ́n Màmá ò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè, kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, pé ta ló fẹ́ wo àwòrán yìí. Tí kì í bá ṣe èmi, mo máa ń lo ti ọ̀lẹ. Fọ́tò méjèèjì wà lára ògiri Bàbá lónìí, ọwọ́ lápá òsì, ọmọ lápá ọ̀tún. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kó fi ọkàn ara rẹ̀ gbé ọmọ náà lé ọwọ́ yẹn, torí pé àna àwọn tó wà ní South Africa kò ráyè, àdúrà ló ń gbà.