Irà Nìkan Ló Ṣẹ́kù

Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní àríwá Minnesota, nínú oṣù kọkànlá, yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá ọ̀sán lù, kí wọ́n sì ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Emmett Lindqvist, akọni nínú eré orí ìtàgé, ọ̀lẹ nínú ohunkóhun tó bá ti ní nọ́ńbà nínú, yan wọlé bí ẹni tó wá gba ẹ̀bùn. Obìnrin kan tí kò rí rí ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń mu kọfí, bàtà òjò tó kún fún ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Emmett Lindqvist ni mí. Ẹni tó máa ń jókòó síbí ńkọ́?"

"Ó lọ yọ eyín. Marlys Haugen ni mí, èmi ni mo dúró fún un lónìí. Jókòó. Kí lo fẹ́?"

"Nǹkan kékeré ni, mà. Wọ́n ní ọmọ eré ìtàgé ò lè gboyè láìṣe ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì méjì. Mo ti ṣe ọ̀kan."

"Èwo?"

"Sáyẹ́ǹsì oorun."

"Báwo lo ṣe ṣe é sí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, mo fi gbogbo rẹ̀ sùn."

"Oṣù karùn-ún lo fẹ́ gboyè?"

"Dandan ni, mà! Arlene, ìyá àgbà mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ti ra fìlà. Ó ti háyà bọ́ọ̀sì láti Fargo, òun àti ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá. Ó ní òun ti sún ikú òun síwájú di oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n òun ò tún ní sún un mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

Obìnrin náà wò ó tìtì. Ó tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, ó tún gbé kọfí rẹ̀.

"Èwo lo wá fẹ́ ṣe?"

"Àpáta, mà. Èèyàn á kàn gbé òkúta sókè, á ní 'ẹ̀n-ẹ́n, òkúta nìyí,' wọ́n á sì fún un ní máàkì."

"Ó ti kún."

"Láti ìgbà wo?"

"Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn tó ń gbá họ́kì ló ya wọ ibẹ̀ gìrì."

"Kò burú. Sáyẹ́ǹsì ilé ìdáná. Wọ́n ń ṣe wàràkàṣì, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lọ sílé."

"Ó ti kún."

"Ojú ọjọ́ ńkọ́? Kéèyàn ṣáà yọjú sójú fèrèsé ni."

"Ìyẹn kún kí n tó bu ṣúgà sí kọfí."

Emmett tú bọ́tìnnì súwẹ́tà rẹ̀.

"Mà, ṣé orí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ló yí ni?"

"Orí wọn ò yí. Ìwé ni wọ́n kà." Obìnrin náà fa bébà kan yọ láti abẹ́ kọ́ọ̀pù. "'Ọ̀nà Àbùjá fún Ẹni Tí Sáyẹ́ǹsì Ń Bà Lẹ́rù.' Ẹni tó kọ ọ́ ò forúkọ sí i. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti wọlé síbí láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ló gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé Bíbélì."

Emmett wo ìwé náà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí òun gan-an ló kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó rò pé bóyá ènìyàn mẹ́wàá ni yóò kà á. Ó wá sùn gbàgbé láàárọ̀ ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ọlọ́gbọ́n ọ̀hún!

"Ìwé ìranù," ó ní.

"Àbí ìwọ náà rí i? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ á ti gba àyè tirẹ̀ kó tó tú àṣírí síta."

"Ẹni tó bá gbọ́n ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Ta ló ní kò gbọ́n?"

"Mo kàn ń wí tèmi ni."

"Kẹ́mísírì ṣì láyè."

"Kẹ́mísírì? Ibi tí irun ojú ti ń jó, tí máàkì ń jó tẹ̀lé e!"

"Físíìsì?"

"Bọ́ọ̀lù já láti orí òrùlé, dípò kí wọ́n gbé e nílẹ̀, wọ́n á ní kéèyàn ṣírò bó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà!"

"Ìràwọ̀?"

"Èèyàn á rò pé ojú ọ̀run lòun fẹ́ wò, ìṣirò ni wọ́n á fi bò ó lójú!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin náà ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lórí bébà náà.

"Má da ara rẹ láàmú," ó ní. "O ò ṣe ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú wọn, wọn ò tiẹ̀ lè gbà ọ́. Irà nìkan ló ṣẹ́kù."

"Irà?"

"Irà, pẹ̀lú ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Gbọ́ ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀." Ó gbé bébà súnmọ́ ojú. "'Ìkarùn-ún: Irà. Ẹ sá o! Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nínú omi dídì. Olùkọ́ ibẹ̀ ò tíì wẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rì síbẹ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ló padà wálé.'"

"Háà. Ṣé òótọ́ ni, mà?"

"Èmi ò rí bàtà kankan."

"Mo mú un. Ẹ kọ mí síbẹ̀."

"Kíkọ kọ́ ni wàhálà. Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá pé mẹ́jọ kí agogo méjìlá tó lù, kọ́lẹ́ẹ̀jì á fagi lé kíláàsì yẹn, ìwọ náà á dúró di oṣù kejìlá ọdún tó ń bọ̀ kó o tó gboyè."

"Oṣù kejìlá! Mà, òkú kì í dé fìlà!"

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ni kó o lọ bá jà."

Emmett wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó yọ fóònù, ìka rẹ̀ ń ṣá a kíákíá bí adìẹ tó rí àgbàdo.

"Kí lò ń tẹ̀?"

"Mò ń kí ìyá àgbà mi, mà."

Ohun tó ń tẹ̀ nìyí: *Ọ̀nà Àbùjá, àtúnṣe pàjáwìrì! Irà ló dùn jù. Kò sí ìdánwò. Olùkọ́ ibẹ̀ rẹwà, ó sì ń pín dónọ́ọ̀tì gbígbóná fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ Ẹtì gbogbo. Ẹ yára o!*

Ó fi ránṣẹ́. Fóònù kan dún tín-ín nínú àpò obìnrin náà. Kò wò ó.

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

"O ṣeun. Wò ó, irà ti di márùn-ún."

"Ọpẹ́ o!"

"Mẹ́sàn-án."

Emmett fò sókè. "Ó ti pé! Mà, ó ti pé!"

"Mẹ́rìndínlógún. Kí ló ń lé wọn bọ̀ báyìí?"

"Ìfẹ́ ìmọ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi."

"Ní sùúrù, kọfí mi ń tutù."

"Mà!"

"Mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìnlélógún." Obìnrin náà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ó ti kún."

"Ó kún báwo?"

"Bí àpáta ṣe kún."

"Kò ṣeé ṣe! Èmi ni mo kọ ọ́! Èmi ni mo kọ èyí tó lé wọn lọ, èmi náà ni mo kọ èyí tó kó wọn padà! Mi ò dé irà yẹn rí láyé mi. Kíláàsì márùn-ún ni mo fẹ́ bú, mẹ́rin ni mo ní, mo bá ń jẹ písà, mo fi irọ́ dí ìkarùn-ún. Mo parọ́ mọ́ olùkọ́ tí kò ṣẹ̀ mí. Ẹ ṣàánú mi, mà. Ìyá àgbà yẹn wo gbogbo eré mi láti ìgbà tí mo ti ń ṣe igi nínú eré Kérésì. Igi o! Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó dìde, ó ń pàtẹ́wọ́."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti orí ìtàgé.

"Mo mọ̀," obìnrin náà ní.

"Ẹ mọ ti igi?"

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbé ìwé yẹn lọ́wọ́ wá. Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n sórí." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Ka orúkọ ẹni kẹrin fún mi."

Emmett tẹjú mọ́ ọn. "Lindqvist, Emmett... Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó o ti dárúkọ fìlà."

Emmett ké, ó fẹ́ dì mọ́ ọn lórí tábìlì níbẹ̀. Obìnrin náà dìde dúró. Ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀ gùn dé orúnkún, koríko odò lẹ̀ mọ́ ọn. Apá tí Emmett fẹ́ fi dì mọ́ ọn wá dúró sójú afẹ́fẹ́.

"Mà... ṣé ẹ̀yin lẹ ń..."

"Èmi ni. Mo sì wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ da irà síwájú, ọmọ mi, ó sì ń dúró dè ọ́." Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó gbé e jìnnà sójú kó lè kà á. "'Olùkọ́ ibẹ̀ rẹwà.' Mo gbà. 'Kò sí ìdánwò.' Ìyẹn, màá bá ọ já a nírọ́. 'Dónọ́ọ̀tì gbígbóná.' Ẹni tó ṣèlérí ni yóò mú un ṣẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, agogo méje, gbé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bọ̀."

"Mẹ́rìnlélógún la jẹ́, mà."

"Èmi náà ń jẹun."

"Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"O ò mọ ìṣirò lóòótọ́! Ti ọ̀pọ̀lọ́ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Má fi ṣúgà sí tiẹ̀."